Ìbámu ètò ìṣàyẹ̀wò ọkọ̀ nígbà ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì

Ìbámu ètò ìṣàyẹ̀wò ọkọ̀ nígbà ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa bí ẹ́ńjìnnì tí a yọ láti inú ọkọ̀ ọdún kan ṣe lè bá kọ̀ǹpútà, wáyà àti sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ ọdún mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì lè jọra bí ìbejì, kí nọ́ọ̀tì tí ó de ọ̀kan de èkejì, kí jíà kan náà sì wọ àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ má dá èkejì mọ̀. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, iná ìkìlọ̀ yóò máa tàn, ọkọ̀ yóò máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ rárá. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kọ̀ǹpútà, ìdì wáyà àti sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní ọdún, yálà kí gbogbo wọn jẹ́ ti ọkọ̀ tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Níbi tí a bá ti da méjèèjì pọ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ètò ìṣàyẹ̀wò inú ọkọ̀

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ni ó ń fa epo tẹ̀lé ara rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó ń darí rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀, etí, imú àti ọwọ́ rẹ̀ ni yóò lò.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni ó ń pinnu ìwọ̀n epo tí yóò wọ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná. Kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn mẹkáníìkì ní Nàìjíríà ń pè ní brain box. Kò lè dá ìpinnu ṣe láìgbọ́ ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn ohun èlò kéékèèké tí ń wọn nǹkan tí wọ́n sì ń rán èsì gba inú wáyà. Ọ̀kan ń sọ bí kírànkì ṣe ń yí, ọ̀kan ń sọ bí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé ṣe pọ̀ tó, ọ̀kan ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, òmíràn sì wà lára sàléńsà tí ó ń wọn òyì ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín.

Ètò ìṣàyẹ̀wò inú ọkọ̀, tí a mọ̀ sí OBD ní ìgékúrú, ni apá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣọ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí. Bí ìròyìn kan kò bá wọlé, tàbí tí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí, yóò fi kóòdù kan pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀, yóò sì tan iná ìkìlọ̀ síwájú awakọ̀. Ohun tí ó ń retí yìí ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ti kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ ọ láti mọ̀ ni yóò máa wá kiri.

Ìtàn ní ṣókí

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín ọkọ̀ tí oòrùn ràn ti sọ ojú ọ̀run ìlú Los Angeles di kùrukùru fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn sì ń ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1967, ìpínlẹ̀ náà dá àjọ tí ó ń mójú tó afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ìyẹn California Air Resources Board. Àjọ yìí ni ó pàṣẹ pé láti orí ọkọ̀ ọdún 1988, ọkọ̀ tí a bá tà ní California gbọ́dọ̀ lè ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀. Ètò àkọ́kọ́ yìí ni a ń pè ní OBD-I.

Àléébù OBD-I ni pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ihò ìsopọ̀ tirẹ̀, kóòdù tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ láti ka kóòdù náà. Nínú ọkọ̀ Honda ọdún 1992 sí 1995, fún àpẹẹrẹ, mẹkáníìkì máa ń fi wáyà so ojú méjì pọ̀ nínú ihò ìsopọ̀ kékeré kan, yóò sì máa ka bí iná ìkìlọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú: ìṣẹ́jú gígùn dúró fún ẹẹ́wàá, ìṣẹ́jú kúkúrú dúró fún ẹyọ kan.

Òfin afẹ́fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣàtúnṣe sí ní 1990 ni ó mú kí ètò kejì, OBD-II, di ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù gba irú ètò kan náà fún ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù láti 2001. Nítorí náà, ọdún 1996 ni ààlà tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà.

Ohun tí OBD-II fi kún ti àtẹ̀yìnwá

OBD-II mú ihò ìsopọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní ojú 16 wá, tí ó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó tún mú kóòdù alámì márùn-ún wá. Lẹ́tà P tí ó bẹ̀rẹ̀ kóòdù ń tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì àti jíà. Bí òdo bá tẹ̀lé e, ìtumọ̀ kan náà ni kóòdù náà ní nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ gbogbo: P0301 túmọ̀ sí pé sílíńdà kìn-ín-ní kò gbaná dáadáa, P0420 sì túmọ̀ sí pé kátálísìtì, ìyẹn agolo inú sàléńsà tí ó ń fọ èéfín mọ́, kò ṣiṣẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ nọ́ḿbà 1 ni ó tẹ̀lé P, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó fún un ní ìtumọ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù kò sí nínú ihò ìsopọ̀. OBD-I sábà máa ń wò ó bóyá sẹ́ńsọ̀ kan ti bàjẹ́ tàbí wáyà rẹ̀ ti já. OBD-II ń wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Ó ń ṣọ́ bóyá sílíńdà kan kọ̀ láti gbaná. Ó ń fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kejì, tí ó wà lẹ́yìn kátálísìtì, wò ó bóyá agolo náà ń fọ èéfín. Ó tún ń ṣọ́ bóyá òórùn epo ń jò láti inú táǹkì. Iṣẹ́ wọ̀nyí ń béèrè sẹ́ńsọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò ní, tí a kò sì ṣe àyè fún lára rẹ̀.

Ibi tí ọdún méjì ti ń kọlu ara wọn

Ìkọlù àkọ́kọ́ wà nínú sẹ́ńsọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá sẹ́ńsọ̀ tí kò sí lórí ẹ́ńjìnnì tuntun, kóòdù kò ní tán nílẹ̀. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ náà wà ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kà yàtọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì General Motors tí a ń pè ní LS fi èyí hàn kedere. Nínú LS1 tí ó jáde pẹ̀lú Corvette ọdún 1997, àmì 24 ni sẹ́ńsọ̀ ń kà lára kírànkì fún ìyípo kan. Nínú LS3 tí ó jáde pẹ̀lú Corvette ọdún 2008, àmì 58 ni. Kọ̀ǹpútà tí a kọ́ láti ka 24 kò lè mọ ibi tí písítìnì wà bí a bá fún un ní 58, nítorí náà kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ta iná.

Ìkejì wà nínú wáyà. Ihò ìsopọ̀ sẹ́ńsọ̀ máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ojú wáyà lára kọ̀ǹpútà náà sì ń yí padà. Wáyà méjì tí àwọ̀ wọn jọra lè máa ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkẹta ni èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ scanner àti àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ihò ìsopọ̀ OBD-II jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n èdè márùn-ún ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá: J1850 PWM, J1850 VPW, ISO 9141-2, KWP2000 àti CAN. CAN, tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti orílẹ̀-èdè Jámánì gbé jáde ní 1986, ni Amẹ́ríkà sọ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ọdún 2008 sókè. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti jíà, ti bíréèkì àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù jọ ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì kan náà. Bí a bá fi kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ èdè náà sáàárín wọn, dáṣíbọ́ọ̀dù lè má fi eré hàn, jíà aládàáṣiṣẹ́ sì lè wà lójú kan láìyí padà.

Ìkẹrin ni ètò ìdènà olè. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì mọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Bí a bá gbé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mìíràn wọlé láìsí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí a kò sì tún un forúkọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè má ṣiṣẹ́, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó sì kú.

Àpẹẹrẹ: Honda Civic

Ọkọ̀ Honda Civic tí a tà ní Amẹ́ríkà láàárín 1992 àti 2000 wúlò láti fi ṣàlàyé, nítorí pé ààlà 1996 gba àárín rẹ̀ kọjá. Civic EX ọdún 1992 sí 1995 ní ẹ́ńjìnnì D16Z6, ti OBD-I. Civic EX ọdún 1996 sí 2000 ní D16Y8, ti OBD-II. Lítà 1.6 ni àwọn méjèèjì, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 125 àti 127 ní ìwọ̀n agbára ẹṣin. Ẹni tí ó bá wo irin nìkan yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀.

Ká ní ẹnì kan gbé D16Z6 ọdún 1994 sínú Civic ọdún 1998. Kọ̀ǹpútà ọdún 1998 ń retí sẹ́ńsọ̀ kan tí ó ń ṣọ́ bí eré kírànkì ṣe ń lọ sókè sódò, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń mọ̀ bí sílíńdà kan kò bá gbaná. D16Z6 kò ní in. Kóòdù P1337 yóò jáde, tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ yìí. Ihò ìsopọ̀ dísítíríbútọ̀ pẹ̀lú kò bára mu. Ọ̀nà méjì ni ó wà láti inú èyí.

Ọ̀nà kìíní ni láti wọ aṣọ ọkọ̀ fún ẹ́ńjìnnì: kí a fi kọ̀ǹpútà àti ìdì wáyà ọdún 1998 sílẹ̀, kí a sì gbé sẹ́ńsọ̀ kírànkì, àwọn ẹ̀yà tí ó dúró lé, àti dísítíríbútọ̀ láti ara D16Y8 wá sórí D16Z6. Ọ̀nà kejì ni láti gbé kọ̀ǹpútà ọdún 1994 wọlé pẹ̀lú wáyà aṣàtúnṣe tí ó so ó mọ́ ìdì wáyà ọkọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ọkọ̀ Honda máa ń yàn nítorí pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ihò ìsopọ̀ olójú 16 yóò ṣì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí a bá ki scanner bọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ọkọ̀ náà ti padà sí ìgbà tí a ń ka ìṣẹ́jú iná.

Bí a bá yí i padà, kí a gbé D16Y8 ọdún 1998 sínú Civic ọdún 1994, wàhálà mìíràn ni yóò yọjú. Tí a bá fẹ́ kí OBD-II ṣiṣẹ́ pé, kò tó kí a gbé ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà àti ìdì wáyà rẹ̀ wá. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kejì wà lára sàléńsà, àwọn ohun èlò tí ń ṣọ́ òórùn epo sì wà nítòsí táǹkì. Wọn kì í bá ẹ́ńjìnnì rìn. Ẹni tí ó bá ra ẹ́ńjìnnì láìra àwọn wọ̀nyí ti fi apá kan ètò náà sílẹ̀ lára ọkọ̀ tí a tú.

Ohun tí òfin California sọ

Ní California, àṣẹ wà lórí ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn àti àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ sì máa ń tọ́ka sí i. Ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ gbé wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọdún kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí ti ọdún tí ó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun èlò ìfọ-èéfín tí ó wà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì náà ní ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá a wá, ètò ìṣàyẹ̀wò rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, a óò gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò àkànṣe tí a ń pè ní Referee, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nípa àṣẹ yìí, D16Z6 ọdún 1994 kò gbọdọ̀ wọ inú Civic ọdún 1998, ṣùgbọ́n D16Y8 ọdún 1998 lè wọ inú Civic ọdún 1994 bí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bá pé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ mú kí ọkọ̀ tú èéfín ju bí ó ti ń tú u tẹ́lẹ̀ lọ.

Pípa kóòdù rẹ́ kò lè ranni lọ́wọ́ níbẹ̀. OBD-II ní àkójọ ìdánwò tí ó gbọ́dọ̀ parí fúnra rẹ̀ bí a ti ń wa ọkọ̀. Bí a bá pa kóòdù rẹ́, àkójọ náà yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, aṣàyẹ̀wò yóò sì rí i pé àwọn ìdánwò kò tíì parí. Yíyọ gílóòbù iná ìkìlọ̀ náà kò wúlò, torí pé iná náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó tó kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́.

Ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ́pọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sì sábà máa ń dínwó ju títún ti àtijọ́ ṣe lọ. Ní ọjà bíi Ládípọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, irú ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ti lò ní òkè òkun yìí ni a ń pè ní Belgium. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣe fún ọjà Japan, ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà lè wà lórí ìlẹ̀ kan náà, òfin tí wọ́n tẹ̀lé nígbà tí a ṣe wọ́n kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Orúkọ ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ni ó wà nínú Toyota Corolla ọdún 1998 tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, òun náà ni ó wà nínú ti ọdún 2000. Ṣùgbọ́n láti orí ti ọdún 2000 ni Toyota ti fi VVT-i kún un níbẹ̀, ìyẹn ètò tí ó ń yí àkókò tí àwọn fáàfù ń ṣí padà. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ VVT-i yóò máa pàṣẹ fún ohun tí kò sí bí a bá fún un ní ẹ́ńjìnnì ọdún 1998.

Ewu tí ó wà nínú fífi ojú fo èyí ju iná ìkìlọ̀ lọ. Bí sílíńdà kan kò bá gbaná, epo tí kò jó yóò ṣàn lọ sínú kátálísìtì, yóò jó níbẹ̀, yóò sì yọ́ inú agolo náà. OBD-II máa ń jẹ́ kí iná ìkìlọ̀ máa ṣẹ́jú nígbà tí irú èyí bá ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí a ti pa ètò yìí mọ́ lẹ́nu kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iná lè kú lójú awakọ̀ kí àrùn wà nínú ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, owó tí a rò pé a ti fi pamọ́ yóò sì bá epo àti àtúnṣe lọ.

Ohun tí ó yẹ ní wíwò kí a tó ra ẹ́ńjìnnì

Ọdún ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ pè ní ti 1998 lè ti jáde ní 1997. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá nínú nọ́ḿbà ìdánimọ̀ alámì 17 ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: T ni 1996, V ni 1997, W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000, nọ́ḿbà 1 sì ni 2001.

Lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lébẹ́ẹ̀lì ètò èéfín tí ó wà níbẹ̀ sábà máa ń sọ irú ètò ìṣàyẹ̀wò tí a ṣe ọkọ̀ náà sí.

Àwọn sẹ́ńsọ̀. Kí a gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ àti èyí tí a fẹ́ rà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a ka sẹ́ńsọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ihò ìsopọ̀ wọn wéra.

Kọ̀ǹpútà, ìdì wáyà àti kọ́kọ́rọ́. Bí ọdún wọn bá yàtọ̀, ó sàn kí a ra mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì láti ara ọkọ̀ kan náà. Kí wọ́n má ṣe gé wáyà náà kúrò lẹ́nu sẹ́ńsọ̀.

Ìwé ọkọ̀. Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí a kọ sínú ìwé ọkọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ó yẹ kí a tún un ṣe lẹ́yìn ìpààrọ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a ki scanner bọ ihò ìsopọ̀. Kò tó pé kò sí kóòdù. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dáhùn, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa yí padà bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, àkójọ ìdánwò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí lẹ́yìn tí a bá ti wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan.